Ìyẹ̀fun Tó Wú Lọ́fun Àmínátù

Bí ẹ bá dé ọjà Túdù ní Accra lónìí, tí ẹ bá lọ bá Ràṣídátù ní ìsọ̀ rẹ̀ pé kó dárí ji ọkọ rẹ̀, ẹ yáa dúró níbi tí ẹ ti lè tètè sá. Kì í ṣe oníjà tẹ́lẹ̀ o. Ẹ̀rín ló fi ń tajà, ẹni tó bá sì ti rà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan á tún padà wá. Ṣùgbọ́n ohun tí ọkọ rẹ̀ ṣe, abẹ́ òrùlé rẹ̀ ló ti ṣe é, ọjà ọwọ́ rẹ̀ ló fi ṣe é, ọmọ ìyá rẹ̀ ló sì ṣe é fún. Ẹni tó bá gbọ́ ọ tí inú kò bí i, kó lọ yẹ ara rẹ̀ wò.

Mílíìkì oníyẹ̀fun ni Ràṣídátù ń tà, àti ṣúgà, àti adùn àti àwọ̀ tí wọ́n ń fi sí áísìkirìmù. Ṣùgbọ́n ọjà tó gbé orúkọ rẹ̀ jáde láàárín àwọn tó ń ṣe yọ́gọ́ọ̀tì ní gbogbo Accra ni gúà.

Ẹ̀wà ni gúà. Ilẹ̀ Íńdíà ni wọ́n ti ń gbìn ín jù. Wọ́n á bó èèpo rẹ̀, wọ́n á yọ ojú rẹ̀ tó fẹ́ hù kúrò, wọ́n á wá lọ kóró funfun tó kù títí á fi kúnná bí àtíkè. Kò ní adùn kankan. Ṣùgbọ́n ẹ bu ṣíbí kékeré kan sínú yọ́gọ́ọ̀tì tó ń ṣàn bí omi, ẹ rò ó, kò ní pẹ́ tí á fi ki, tí á máa rọra já lẹ́nu ṣíbí bí ògì tó jiná.

Ẹ ò kàn lè jí lọ́jọ́ kan kí ẹ máa tà á. Ràṣídátù sáré títí kó tó gba nọ́ńbà lọ́wọ́ Ẹfù-Dí-È, àjọ ìjọba tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Ghana. Wọ́n wá wo yàrá tó ń kó ọjà sí. Wọ́n bu díẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Wọ́n ní kó kọ ọ́ gàdàgbà sára ọ̀rá pé inú oúnjẹ ni wọ́n ń lò ó sí, kó sì kọ bó ṣe yẹ kó kéré mọ. Oúnjẹ ni wọ́n fọwọ́ sí. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ sí i pé kí ènìyàn máa da á sẹ́nu ní gbígbẹ.

Èyí yé Ràṣídátù. Ó sì yé Àyìndé, ọkọ rẹ̀, dáadáa. Òun ló máa ń lọ bá a gbé ọjà ní èbúté Tema.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Àyìndé. Awakọ̀ ló wá ṣe ní Accra kó tó fẹ́ Ràṣídátù, tí wọ́n bí sí Mamobi níbẹ̀, tí gbogbo àdúgbò mọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ kú, ó di ẹni tó ń ran ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó bú u. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń kọjá, àwọn ènìyàn á ní, “Ẹ wo ọkọ Ràṣídátù.” Ọ̀rọ̀ yẹn ń gún un lára bí ẹ̀gún.

Ní àsìkò dúmúsọ̀, tí iná mànàmáná ń lọ ju bó ṣe ń wá lọ, ọjà dẹnu kọlẹ̀. Ta ni yóò máa ṣe áísìkirìmù nígbà tí fìríìjì ti di àpótí aṣọ? Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Àyìndé wọlé sí ìsọ̀, ó jókòó lórí àpò ṣúgà, ojú rẹ̀ ń dán.

“Ìyá Dàda, mo ti rí ọ̀nà àbáyọ. Ṣé o mọ̀ pé gúà yìí máa ń mú inú kún? Wọ́n ní ẹni tó bá gbé ṣíbí kan mì kó tó jẹun, kò ní lè jẹ ju òkèlè díẹ̀ lọ. Àwọn obìnrin Accra tó fẹ́ kí ikùn wọlé, ṣé wọ́n kéré ni?”

Ràṣídátù mú ife, ó da omi díẹ̀ sí i, ó bu gúà lé e. Kí Àyìndé tó béèrè pé kí ló ń ṣe, ohun inú ife ti dì. Ó dorí ife kodò. Kò sí nǹkan tó já.

“Bàbá Dàda, tí èyí bá ṣẹlẹ̀ lọ́nà ọ̀fun ńkọ́? Omi tí ènìyàn fi gbé e mì náà ni yóò mú kó wú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n tún gbọ́ ọ.”

Àyìndé fi ìka ta ohun tó dì náà, ó rẹ́rìn-ín. “Ó le bí ẹ̀kọ tútù. Ó dáa, mo ti gbọ́.”

Ó gbọ́ o. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ọjà tó ń ti Tema bọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Lónìí, òjò ló pa àpò kan. Lọ́la, àpò kan ló fà ya lórí ọkọ̀. Ràṣídátù á káàánú ọkọ rẹ̀ pé wàhálà ọ̀nà pọ̀. Àyìndé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ agbádá tuntun. Ó ní òun ń bá ọkùnrin kan tó ń ta àgbo ní Lapaz ṣiṣẹ́. Inú Ràṣídátù dùn. Ó ní kí Ọlọ́run bùkún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ ò rí i? Àdúrà ló ń gbà fún un!

Ẹnì kan ṣoṣo tí Ràṣídátù fẹ́ràn tó àwọn ọmọ tó bí ni Àmínátù, àbúrò rẹ̀. Òun ló tọ́ ọ lẹ́yìn tí ìyá wọn kú, inú ilé rẹ̀ ní Mamobi ló sì ń gbé. Irun ni Àmínátù ń ṣe ní Lapaz. Ó sanra, ó rẹwà, ẹ̀rín rẹ̀ á ti dé ẹnu ọ̀nà kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. Sàlàkọ́, ọmọkùnrin tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, ló fẹ́ fẹ́ ẹ.

Ọjọ́ tí wọ́n wá mọ ilé ìyàwó ni ìyá ọkọ wo Àmínátù láti òkè dé ilẹ̀, tó ní, “Ìyàwó wa dára o. Ẹ̀rù ilẹ̀kùn wa nìkan ló ń bà mí, bóyá á gbà á.” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àmínátù bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí àlejò lọ tán, kò fọwọ́ kan oúnjẹ.

Láàárín oṣù díẹ̀, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fọn.

“Kí lò ń ṣe?” Ràṣídátù bi í.

“Mò ń rìn láàárọ̀ ni, àǹtí mi.”

“Má rìn jù o. Ìwọ ni Sàlàkọ́ fẹ́, kì í ṣe ìyá rẹ̀.”

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, Ràṣídátù ń to aṣọ lágbàlá nígbà tí Àmínátù já jáde láti inú yàrá. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lọ́rùn. Ẹnu rẹ̀ là, ṣùgbọ́n ohùn kankan kò jáde. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ, ojú rẹ̀ ti yọ síta. Ó di ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú, ó fà á laṣọ ya.

“Àmínátù! Kí lo jẹ? Kí lo jẹ?”

Àyìndé sáré jáde. Ó rí i. Òun ló gbé e lọ́wọ́, tó gbé e wọ takisí. Gbogbo èrò ń yìn ín pé ọkùnrin ni. Bí takisí ṣe fẹ́ ṣí, ó ní kí wọ́n dúró, òun fẹ́ mú fóònù Àmínátù nínú yàrá. Ó wọlé, ó jáde, agbádá rẹ̀ rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó kó nǹkan sápò. Ta ló máa wo agbádá lásìkò yẹn?

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ti irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ Àmínátù lọ́fun. Ó pẹ́. Nígbà tí dókítà obìnrin náà jáde, ó gbé abọ́ kékeré kan lọ́wọ́.

“A ti yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ti fà ya díẹ̀. Imú la ó máa gbà fún un lóúnjẹ fún ìgbà díẹ̀ ná. Kí ni ẹ fún un jẹ? Ohun tó ń mu omi tó sì ń wú ni nǹkan yìí.”

Ràṣídátù wo inú abọ́. Ohun tó wà níbẹ̀ ń yọ̀, ó ní àwọ̀ ewé, ó sì dì gbagidi. Ó fi ìka kàn án. Ẹni tó ń ta gúà lójoojúmọ́ kò lè ṣàì mọ gúà, bí wọ́n tilẹ̀ pa á láró.

Ó yí sí ọkọ rẹ̀. “Bàbá Dàda, gúà nìyí! Ta ló fún un ní gúà?”

“Gúà kẹ̀? Ẹ̀rù ló ń bà ọ́. Jẹ́ kí ọmọ náà sinmi ná. Má fi ìbéèrè dà á láàmú.”

Ràṣídátù kò tún sùn. Ó rò pé ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà òun ló ń ṣe iṣẹ́ burúkú yìí, pé ọwọ́ òun náà ló ti jáde. Ní ọjọ́ kejì, Àmínátù la ojú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tì í.

“Ta ló tà á fún ọ?”

Ètè Àmínátù mì. “Àǹtí Dúfíè, ní Lapaz,” ni ó sọ, ohùn rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń fa páálí nílẹ̀. “Sílíìmù.” Omijé dà lójú rẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́.

Ràṣídátù wọ tròtrò, bọ́ọ̀sì akérò wọn, ó di Lapaz. Kò ṣòro láti rí Àǹtí Dúfíè. Ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ onírun tí Àmínátù ti ń ṣiṣẹ́ ni kíósì rẹ̀ wà, àwòrán obìnrin oníbàdí tẹ́ẹ́rẹ́ ló sì lẹ̀ mọ́ ọn. Inú ike kéékèèké ni sílíìmù, oògùn tí wọ́n ní ó ń mú ènìyàn fọn, wà, ṣíbí sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn obìnrin mẹ́ta ló dúró tí wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ràṣídátù ṣí ìdérí ọ̀kan. Gúà ni. Wọ́n lọ ewé móríńgà mọ́ ọn kó lè jọ oògùn.

Ó wá yí ike náà padà. Nọ́ńbà Ẹfù-Dí-È tó wà lára rẹ̀, nọ́ńbà tirẹ̀ ni.

“Mepa wo kyɛw, Àǹtí,” ó bẹ obìnrin náà ní èdè Twi, “ta ló ń gbé èyí wá fún yín?”

Àǹtí Dúfíè kọ́kọ́ fi ojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. “Kí lo fẹ́ fi ṣe? Oògùn tó dára ni. Gbogbo Lapaz ló ń lò ó.”

“Àbúrò mi, Àmínátù tó ń ṣe irun níbí yìí, wà ní ilé ìwòsàn. Èyí ló fún un lọ́rùn.”

Ojú obìnrin náà yí padà. Àwọn oníbàárà mẹ́ta náà gbé ike sílẹ̀. “Ao! Àmínátù? Èmi kọ́ ló ṣe é o! Mo kàn ń tà á ni. Alata, Yorùbá bíi tìrẹ, ló ń gbé e wá. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Èmi náà ò fẹ́ ọ̀ràn.”

“Pè é. Pè é nísinsìnyí kí gbogbo wa gbọ́ ohùn rẹ̀.”

Dúfíè pè é. Fóònù dún, dún, wọ́n gbé e. Ohùn ọkùnrin jáde síta, ó ń sọ Twi, ṣùgbọ́n Twi tí ahọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ wà nínú rẹ̀.

“Àǹtí Dúfíè, ṣé ó ti tán ni? Mo lè gbé òmíràn wá.”

Ẹ̀yin ènìyàn, ohùn tó kí Ràṣídátù láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni. Ohùn tó ń gbàdúrà fún àwọn ọmọ rẹ̀ ni.

“Ẹnì kan wà níbí,” ni Dúfíè wí, “ó ní oògùn rẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àbúrò òun.”

Ọkùnrin náà kò tilẹ̀ mí kanlẹ̀. “Kò mọ̀ ọ́n lò ni. Omi ló fi kéré. Ẹ̀bi ara rẹ̀ ni. Bó bá ń pariwo, sọ fún un pé o ò mọ̀ mí.”

Ràṣídátù gba fóònù náà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti so yìgì, kò tíì pe orúkọ ọkọ rẹ̀ rí láìfi “Bàbá” ṣáájú.

“Àyìndé.”

Ó gbé fóònù náà súnmọ́ ẹnu.

“Àyìndé, èmi ni. Tún un sọ. Sọ pé ẹ̀bi Àmínátù ni.”

Àyìndé pa fóònù.

Bí Ràṣídátù ṣe dé ilé, ó bá a nílẹ̀, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sí ẹnu ọ̀nà.

“Iṣẹ́ èṣù ni, Ìyá Dàda.”

“Má dárúkọ èṣù! Ṣé èṣù ló ń wọ ọkọ̀ lọ sí Lapaz? Ṣé èṣù ló lẹ nọ́ńbà mi mọ́ ike? Mo da gúà sínú ife lójú rẹ, Àyìndé! O fi ìka rẹ kàn án! O mọ̀!”

“Mi ò mọ̀ pé Àmínátù ń lò ó. Mo fi Ọlọ́run búra. Ká ní mo mọ̀ ni, ṣé màá gbà?”

“Ọmọ ta wá ni o gbà kó lò ó? Ọmọ ẹlòmíì kì í ṣe ọmọ?”

Ó dìde jókòó. Ohùn ẹ̀bẹ̀ yẹn yí padà. “Ọkọ Ràṣídátù ni wọ́n ń pè mí láti ọjọ́ tí ọkọ̀ mi ti kú. Mo fẹ́ ní tèmi. Àbí ẹ̀ṣẹ̀ ni? Wá gbọ́, bí o bá fẹjọ́ mi sùn, nọ́ńbà rẹ ló wà lára rẹ̀. Ìsọ̀ rẹ ni wọ́n á kọ́kọ́ tì. Ta ló máa gbà pé o ò mọ̀? Ronú àwọn ọmọ.”

Ràṣídátù kò mọ ìgbà tó gbé ìjókòó tó sọ ọ́ lù ú. Àwọn ará ilé ló wá là wọ́n.

Kò pẹ́ tí Àlàájì Àrówólò fi dé. Bàbá arúgbó yìí ni gbogbo Yorùbá Mamobi ń wárí fún. Ó jókòó, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ tán, ó gbọn orí.

“Ràṣídátù ọmọ mi, ohun tó ṣe kò dára. Màá bá a wí. Ṣùgbọ́n o kéré sí ohun tí ojú wa rí. Nígbà tí ìjọba Ghana ní kí àwa àjèjì máa lọ, mo fi ilé tí mo kọ́ sílẹ̀, mo fi ìkòkò sílẹ̀ lórí iná. Àwọn tí à ń bá jẹun ló ń nawọ́ sí wa pé Alata ni wá. Bí èyí bá jáde lórí rédíò, wọn ò ní sọ pé Àyìndé. Wọ́n á sọ pé Alata. Jẹ́ ká dáná sun gbogbo rẹ̀, kó tọ́jú Àmínátù, ká panu mọ́. Ilé la ti ń parí ọ̀rọ̀ ilé.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ràṣídátù lára. Bàbá yìí kì í ṣe ènìyàn burúkú, ẹ̀rù tó sì ń bà á kì í ṣe irọ́. Ràṣídátù ronú kan ìsọ̀ tó fi gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ kó jọ. Ó ronú kan Dàda tó ń múra àtiwọ ilé ẹ̀kọ́ gíga. Àyìndé ṣáà ti búra pé òun kò mọ̀. Ìbínú kún inú rẹ̀ dé ọ̀nà ọ̀fun, ṣùgbọ́n ó mọ́kàn le, ó sọ fún Àlàájì pé òun ti gbọ́. Ó fẹ́ gbé e mì.

Ó gbé ọṣẹ àti aṣọ ìpààrọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Sàlàkọ́ ti wà níbẹ̀, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ atẹ́gùn sí Àmínátù. Bó ṣe jáde lọ ra omi ni Àmínátù di ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́ mú.

“Àǹtí mi, ẹ má jẹ́ kí Bọ̀dá Àyìndé mọ̀ pé mo sọ ọ́ fún yín.”

“Sọ kí ni?”

“Wọ́n rí i lọ́wọ́ mi. Mo fi ike náà hàn wọ́n pé ṣé ó dára. Wọ́n ní ó dára, àwọn mọ ẹni tó ń ṣe é. Wọ́n ní kí n má sọ fún yín, pé ẹ máa bínú.” Ó sinmi, ó gbé itọ́ mì pẹ̀lú ìrora. “Ó ti kọ́kọ́ há mi lọ́fun rí. Mo sọ fún wọn. Mo ní ẹ̀rù ń bà mí. Wọ́n ní kí n máa fi omi díẹ̀ lé e, pé mo ti ń fọn, kí n má fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọ̀nà.”

Ràṣídátù rántí agbádá tó rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́jọ́ yẹn: ike náà ni Àyìndé wọlé lọ kó pamọ́. Ó fi ìdí aṣọ nu ẹnu àbúrò rẹ̀. Ó ní kó sùn. Ó rìn jáde láti ilé ìwòsàn náà, ó lọ kó ike sílíìmù tó gbà ní Lapaz sínú báàgì, ó sì kọrí sí ọ́fíìsì Ẹfù-Dí-È tààrà.

Ọ̀gbẹ́ni tó gbà á lálejò fi ìka ra ìyẹ̀fun náà, ó ṣe é bí Ràṣídátù ti ṣe é lójú Àyìndé, ó pò ó mọ́ omi díẹ̀. Ojú rẹ̀ le.

“Màdáámù, ẹ mọ̀ pé nínú oúnjẹ, nǹkan yìí kò ní wàhálà, torí ó ti mu omi yó kó tó dé ẹnu. Gbígbé e mì ní gbígbẹ ló ń pani. Àwọn orílẹ̀-èdè òkè òkun ti lé e kúrò nínú oògùn ikùn láti ọjọ́ pípẹ́ nítorí ọ̀fun tó ń dí. Ẹni wo ló ṣe é?”

“Ọkọ mi.”

Ọkùnrin náà gbé ojú sókè. “Nọ́ńbà yín ló wà níbí. A ní láti ti ìsọ̀ yín títí a ó fi ṣèwádìí tán. Ẹ̀yin náà máa dáhùn ìbéèrè. Ṣé ó yé yín?”

“Ẹ tì í. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ kéde lórí rédíò kí obìnrin mìíràn tó da á sẹ́nu lónìí.”

Wọ́n kéde rẹ̀ lédè Twi, lédè Gà, lédè Hausa. Wọ́n kó gbogbo ike tó wà ní Lapaz. Túdù gan-an ni ọlọ́pàá ti mú Àyìndé, níbi tó ti ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé e dé ẹnubodè. Wọ́n lẹ bébà pupa mọ́ ilẹ̀kùn ìsọ̀ Ràṣídátù. Àwọn kan tó ń kọjá ń tutọ́ sílẹ̀. Obìnrin kan tí wọ́n jọ ń tajà wí i lójú rẹ̀ pé, “Ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ọkọ rẹ̀ mọ́lé.”

“Mo tì í mọ́lé,” ni Ràṣídátù dá a lóhùn. “Ìwọ tó o fẹ́ kó wà níta, fún un ní ọmọ rẹ kó tọ́jú.”

Ìwádìí parí, wọ́n rí i pé kò lọ́wọ́ nínú rẹ̀, wọ́n sì ṣí ìsọ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tuntun ni wọ́n ní kó tọrọ, ó sì ní láti bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àmínátù bọ́ lọ́wọ́ ikú, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò padà sí ti tẹ́lẹ̀, oúnjẹ líle kò sì lọ lọ́fun rẹ̀ mọ́. Sàlàkọ́ fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ ìgbéyàwó, ìyá Sàlàkọ́ fẹ́ kúnlẹ̀ bẹ Àmínátù, Ràṣídátù ní kó dìde, pé ẹ̀bẹ̀ náà ti pẹ́ jù.

Kí ẹjọ́ tó dé kóòtù ni Àlàájì Àrówólò tún wá sí ìsọ̀. Ó ní ara Àyìndé kò yá ní àtìmọ́lé, pé bí ìyàwó bá lè bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n lè fi í sílẹ̀.

“Kò ṣáà pa ènìyàn, Ràṣídátù. Ọlọ́run kò jẹ́ kí ó pa ènìyàn. Dárí jì í.”

Ọkùnrin kan jókòó lórí bẹ́ǹṣì nínú ìsọ̀ nígbà yẹn, ẹni tẹ́ẹ́rẹ́ tó wọ dúdú láti òkè dé ilẹ̀. Kò gbọ́ Yorùbá. Ràṣídátù nawọ́ sí i.

“Àlàájì, Kasoa ni ọkùnrin yìí ti wá. Ó gbọ́ ìkéde lórí rédíò. Ẹ bi í léèrè ohun tí ìyàwó rẹ̀ mì gbẹ̀yìn.”

Àlàájì bi í ní Twi.

Ọkùnrin náà sọ pé kẹ́ńkè, oúnjẹ àgbàdo tí wọ́n ń dì léwé, ni wọ́n rò pé ó há ìyàwó òun lọ́fun. Kẹ́ńkè ni wọ́n sọ nílé ìsìnkú. Òun alára ló bá ìyá ìyàwó òun jà pé kí ló dé tó fún un ní kẹ́ńkè gbígbóná. Ó bọ ọwọ́ sínú àpò, ó mú ike sílíìmù kan jáde. Ó ní abẹ́ ìrọ̀rí ìyàwó òun ni òun ti rí i nígbà tí òun gbọ́ ohùn oníròyìn. Ó ní òun ti ń tẹ̀lé àwọn ọmọ òun lọ sí ilé ìyá wọn àgbà kí òun lè tọrọ àforíjì lọ́wọ́ obìnrin náà, kò sì tíì gbà kí òun wọlé.

Bàbá arúgbó náà dúró. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó dì í mú níwájú àyà. Ó kí ọkùnrin náà pé “Due, due,” bí wọ́n ti ń kí ọlọ́fọ̀ ní Ghana.

“Ilé la ti ń parí ọ̀rọ̀ ilé, àbí?” ni Ràṣídátù wí. “Ilé ta ni, Àlàájì? Ilé tiwa ni, àbí tirẹ̀?”

Àlàájì Àrówólò jókòó ti ọkùnrin Kasoa náà lórí bẹ́ǹṣì, ó gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, wọn kò sì dìde títí wọ́n fi pe ìrun àsàrì.